Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Inú Ìtàn Rod Smith, Ẹni Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìlú New York. Orúkọ 222 ni wọ́n pè. Nígbà tí wọ́n pe èyí tó kẹ́yìn tán, wọ́n palẹ̀ mọ́, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Orúkọ Rod Smith, ọmọ ìlú Texarkana ní ìpínlẹ̀ Arkansas, kò sí nínú gbogbo wọn. Ohun tí ọkùnrin yìí wá fi ọdún méjìlá ṣe lórí pápá ni mo fẹ́ tò síwájú rẹ lónìí. Mo gbà pé ó kan gbogbo ẹni tí wọ́n ti ka orúkọ rí, níléèwé ni o tàbí níbi iṣẹ́, tí wọn ò sì dé orí tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù lọ kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ju tiwọn, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń gbà á. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kò rí róbótó. Ó gùn, orí àti ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ènìyàn 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pápá sì gùn tó 100 yáàdì láti ilà òpin kan sí èkejì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e kọjá ilà òpin, touchdown ni, àmì 6 sì ni wọ́n gbà. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ẹni tí ń sáré jáde lọ gbà á níwájú ni wide receiver, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni Rod Smith ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú ìtàn draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́, kò gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan nínú NFL, líìgì tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, títí ó fi kú? Ọdún 1936 ni ètò ìyànsípò yìí bẹ̀rẹ̀, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Philadelphia. Bert Bell, tó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, ló mú àbá rẹ̀ wá: ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù lọ lọ́dún tó kọjá ni kó kọ́kọ́ yàn, kí àwọn ẹgbẹ́ olówó má baà máa kó gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló jókòó lọ́jọ́ náà, wọ́n sì yan ènìyàn 81. Jay Berwanger, ìràwọ̀ Yunifásítì Chicago, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Òun àti ẹgbẹ́ kò fẹnu kò lórí owó, ó sì wábi gbà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni draft ti fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n pe èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1994 gan-an ni ẹnu ọ̀nà draft fún pọ̀ jù lọ lásìkò náà? Ní ọdún 1992, ìpele 12 ni wọ́n fi ń yan èèyàn, iye tí wọ́n yàn sì lé ní 300. Ní 1993, wọ́n gé e sí ìpele mẹ́jọ. Nígbà tó máa fi kan Rod Smith, ìpele méje péré ló kù. Kódà, ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú draft ní àyẹ́sí tirẹ̀: láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń ṣe àríyá fún un ní Newport Beach ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n sì ń pè é ní Mr. Irrelevant, bí ẹni ń sọ pé ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Rod Smith kò rí ipò ìkẹyìn yẹn pàápàá gbà.

Ṣé o mọ̀ ibi tó ti wá? Iléèwé gíga Missouri Southern ní ìlú Joplin ló lọ. Ìpele kejì ni iléèwé náà wà nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń ṣà èèyàn fún NFL kì í sábà yà sí irú ibẹ̀; àwọn yunifásítì ńláńlá tí tẹlifíṣọ̀n ń fi bọ́ọ̀lù wọn hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ojú wọn wà. Smith gba touchdown 34 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fi bọ́ọ̀lù pa ìwé tì. Oyè mẹ́ta ló gbà kó tó kúrò ní Joplin: ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ìnáwó, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ òwò, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ọjà títà àti ìṣàkóso. Nígbà tí draft kọjá lórí rẹ̀, ó ní ibòmíràn tó lè lọ. Ó yàn láti dúró ni.

Ṣé o mọ̀ ohun tí ó fi odindi ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe? Ẹgbẹ́ Denver Broncos mú un sínú àwọn adánrawò, àwọn tí wọ́n ń pè ní practice squad. Adánrawò ń bá àwọn ojúlówó gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ dé ọjọ́. Òun ni yóò ṣe bí ọ̀tá tí ẹgbẹ́ fẹ́ bá pàdé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í kọ́ṣẹ́. Bí ọjọ́ ìdíje bá wá dé, kò ní wọ aṣọ. Ìta ni yóò ti máa wòran. Gbogbo sáà 1994 ni Rod Smith fi wà nípò yìí, ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Òwe wa ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Nínú èèpo ẹ̀pà ni Smith ti jẹun lọ́dún yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé eré sísá nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wide receiver? Wo bó ṣe rí. Òun àti quarterback ti jọ mọ̀ pé yáàdì 12 ni yóò sá, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́ kọ́nà sí ìta. Quarterback kì í dúró dìgbà tó bá yíjú padà. Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà síta ni bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́. Bó bá sá yáàdì 11, tàbí tó sá 13, bọ́ọ̀lù yóò kọjá, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bó bá gbà á létí pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ nínú ilà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní kà á. Iṣẹ́ òǹkawé ni, iṣẹ́ onísùúrù sì ni. Irú nǹkan báyìí kì í hàn nígbà tí wọ́n bá ń fi aago wọn eré ìdíje ọ̀dọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Rod Smith gbà nínú ìdíje NFL ló parí ìdíje ọ̀hún? Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni, ní pápá Mile High ní ìlú Denver. Denver ní 31, Washington ní 31. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù lórí aago. John Elway, quarterback Denver, fà sẹ́yìn, ó ju bọ́ọ̀lù náà sókè réré, ó di yáàdì 43. Smith ti sá dé òpin pápá. Darrell Green sì fara mọ́ ọn bí òjìji, Green tí gbogbo líìgì mọ̀ pé eré rẹ̀ kò ṣeé bá dọ́gba. Àwọn méjèèjì fò. Ọwọ́ Smith ló ga jù. Ó balẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, aago ti tán, Denver borí pẹ̀lú 38 sí 31. Igi tí a fojú rénà ló ń gún ni lójú.

Ẹ̀yà kan tún wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn tó máa ń gbé mi lọ́kàn. Ṣé o mọ̀ pé inú draft kan náà, ti ọdún 1983, ni Elway àti Green ti wá? Elway ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún náà. Green ni ẹni 28, òun ló sì parí ìpele àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìpele àkọ́kọ́ ló ju bọ́ọ̀lù, ẹni ìkẹyìn nínú ìpele náà ló ń ṣọ́ ọ, ẹni tí wọn ò pè rárá ló sì gbà á. Àwọn méjèèjì yẹn di ẹni tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí Ilé Ògo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbẹ̀yìn. Èèyàn kékeré kọ́ ni Smith dúró láàárín wọn lọ́jọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn ariwo ọjọ́ yẹn, ó tún padà sí ìsàlẹ̀? Bọ́ọ̀lù mẹ́fà péré ló gbà ní gbogbo sáà 1995. Ní sáà 1996, bọ́ọ̀lù 16 ló gbà. Ọdún méjì, bọ́ọ̀lù 22. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé orí òun ló kọ̀ ọ́. Ní 1997, wọ́n wá fi í sípò gidi, ó gba bọ́ọ̀lù 70, ó rin yáàdì 1,180, touchdown rẹ̀ sì jẹ́ 12. Ọmọ ọdún 27 ni. Láti sáà yẹn lọ, ìgbà mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rin ju 1,000 yáàdì lọ ní sáà kan, èyí sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àgbà nínú iṣẹ́ wide receiver.

Ṣé o mọ̀ pé ó gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl, ìdíje àṣekágbá NFL, láìgba bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo? Ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998 ni, ní San Diego. Denver lu Green Bay Packers pẹ̀lú 31 sí 24. Bọ́ọ̀lù 12 tí Elway jù ló dé ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Smith. Terrell Davis, ẹlẹgbẹ́ wọn, ló gbé bọ́ọ̀lù sáyà sáré, tó rin yáàdì 157, tó sì ní touchdown mẹ́ta. Bí Davis ṣe ń sáré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dènà fún un, kí ẹnì kan fara gbá ọ̀tá kí ọ̀nà lè ṣí. Smith wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gbogbo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù náà ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ìdènà. Iṣẹ́ tí kì í wọ ìwé ìṣirò ni. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń kà fún.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan lẹ́yìn náà, kàdárà san èrè iṣẹ́ yẹn fún un? Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ni Denver pàdé Atlanta Falcons ní Super Bowl ní Miami. Bọ́ọ̀lù márùn-ún ni Smith gbà, yáàdì 152 ló sì fi wọ́n rìn. Ọ̀kan nínú wọn gùn tó yáàdì 80: Elway jù ú, Smith gbà á láàárín pápá, kò sì sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án títí ó fi wọlé. Denver borí, 34 sí 19. Wàyí o, wo nọ́ńbà kan dáadáa. Ní gbogbo sáà 1995, iye yáàdì tí Smith rìn jẹ́ 152. Ohun tó fi odindi ọdún kó jọ nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, òun náà gan-an ló kó jọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Elway fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìdíje yẹn, àwọn kan rò pé Smith náà yóò rọ? Kò rọ. Ní ọdún 2000, bọ́ọ̀lù 100 ló gbà, yáàdì 1,602 ló sì rìn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Ed McCaffrey gba 101 ní sáà kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú NFL ṣáájú wọn, kí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ kan gba 100 pọ̀: Herman Moore àti Brett Perriman ti Detroit ní 1995. Ní ọdún 2001, Smith gba bọ́ọ̀lù 113. Kò sí ẹni tó gbà tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì lọ́dún náà.

Ṣé o mọ̀ pé Rod Smith ni ẹni àkọ́kọ́ tí draft fò dá, tó sì fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù rin 10,000 yáàdì? Ọdún 2005 ló kọjá ibẹ̀. Nígbà tó parí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù 849, yáàdì 11,389 àti touchdown 68. Bí o bá sọ yáàdì yẹn di kìlómítà, ó lé díẹ̀ ní 10. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lè rìn ín tán láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. Ọdún méjìlá ló gba Smith, nítorí ní gbogbo ìgbésẹ̀ ni alágbára kan ti ń sáré bọ̀ láti gbé e lulẹ̀. Kí o lè mọ bí ibẹ̀ ti ga tó, Wes Welker, òun náà tí wọn ò yàn ní 2004, gba bọ́ọ̀lù 903, tó ju ti Smith lọ. Síbẹ̀ yáàdì 76 péré ló kù kó tó pé 10,000, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí 9,924. Títí di òní, kò tíì sí wide receiver tí wọn ò yàn tí yáàdì rẹ̀ ré ti Smith kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé Smith kọ́ ló la ọ̀nà yìí? Drew Pearson wà ṣáájú rẹ̀. Ọdún 1973 ni draft fò ó dá, ó bá lọ bá Dallas Cowboys. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1975, Roger Staubach ju bọ́ọ̀lù yáàdì 50 sí i ní Minnesota nígbà tí ìrètí ti pin. Pearson gbà á, Dallas borí, 17 sí 14. Staubach, tó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, sọ pé àdúrà sí Màríà Wúńdíá lòun gbà bí òun ṣe ń jù ú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe irú jíjù bẹ́ẹ̀ ní Hail Mary káàkiri Amẹ́ríkà. Ọdún 2021 ni Ilé Ògo tó gbà á wọlé. Lẹ́yìn Smith, Victor Cruz dé: wọn ò yàn án ní 2010, ṣùgbọ́n ní 2011 ó sáré touchdown yáàdì 99, ó sì gba Super Bowl pẹ̀lú New York Giants. Adam Thielen náà dé, láti iléèwé kékeré kan ní Mankato: ní 2018, ìdíje mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú sáà ló fi rin 100 yáàdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ Yorùbá wà lára àwọn tí draft fò dá, tí wọ́n sì di ẹni ńlá? Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí sí Brooklyn, kì í ṣe wide receiver. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lé quarterback mú kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ó farapa lórúnkún ní sáà tó kẹ́yìn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana, ẹgbẹ́ kankan ò sì yàn án ní ọdún 2000. Miami Dolphins gbà á. Ní 2003, ìgbà 15 ló gbé quarterback lulẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tó o nínú gbogbo ẹgbẹ́ ìhà AFC, ọ̀kan nínú ìhà méjì tí NFL pín sí. Àwọn tí ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà kọ́ bí a ṣe ń pe Adéwálé.

Òtítọ́ kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọn ò yàn kì í débì kankan? Lásìkò yìí, ènìyàn 90 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kó wá sí ibùdó ìgbáradì, 53 ni yóò kù nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló wà. Ṣírò ó: ó lé ní 1,100 ènìyàn tí ń kúrò lórí ìwé lọ́dọọdún, àwọn tí wọn ò yàn ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Rod Smith pàápàá san owó rẹ̀ lára. Oríkèé ìbàdí rẹ̀ jẹ gan-an débi pé sáà 2006 ló gbá kẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, ó sì kéde ìfẹ̀yìntì ní 2008. Ní 2012, Denver kọ orúkọ rẹ̀ sí ara pápá wọn, láàárín àwọn akọni ẹgbẹ́ náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ilé Ògo tí Elway àti Green wà kò tíì pè é. Ó yẹ kí wọ́n pè é.

Ìwọ tí ń yan èèyàn, bóyá olùkọ́ ni ọ́, ọ̀gá iṣẹ́ ni ọ́, tàbí kóòṣì: rántí pé ohun tí ojú lè rí lọ́jọ́ kan ni ìwọ ń wò. Wo Joplin náà. Ìwọ tí wọn ò sì yàn: bí ilẹ̀kùn adánrawò ló ṣí sílẹ̀, wọlé, kí o kọ́ yáàdì 12 náà dójú àmì, kí o máa dènà fún ẹlòmíràn títí bọ́ọ̀lù tìrẹ yóò fi dé. Má sì pa ìwé rẹ tì.

Orúkọ 222 ni wọ́n pè ní ọdún 1994. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo, Isaac Bruce, ló fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù rìn jìnnà ju Rod Smith lọ.